Àìsàn Olójú Méjì Tí À Ń Fi Ojú Kan Ṣoṣo Wò

Bí ẹnì kan bá bọ́ aṣọ sílẹ̀ ní oríta tí ó ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ohun tó ń ṣe é. Ọmọdé pàápàá mọ orúkọ tí à ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ti ilẹ̀kùn mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò wẹ̀, tí kò jẹun, tí omijé ń dà lójú rẹ̀ láìsí ẹni tó nà án, ọ̀lẹ ni a ó pè é. Bí ọ̀dọ́bìnrin kan kò bá sùn fún òru márùn-ún, tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, tí ó kó owó ọjà ra bàtà méjìlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a ó ní ìgbéraga ló ń gùn ún, tàbí kí á ní ọkùnrin ló ń bá kiri. Wèrè nìkan la mọ̀ ní àìsàn. Ìyókù, ìwà la kà á sí.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí nìyẹn, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Àìsàn kan wà tí ó máa ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ènìyàn kan ṣoṣo lórí: ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ìbànújẹ́ tí kò ní ìdí, àti ìdùnnú tí ó kọjá ààlà. Àwọn dókítà ń pè é ní schizoaffective disorder. Orúkọ náà gùn, ó sì le lẹ́nu, nítorí náà àìsàn olójú méjì ni èmi yóò máa pè é. Ojú kan rẹ̀ ni ti wèrè tí gbogbo wa mọ̀. Ojú kejì ni ti ọkàn tó ń fò sókè tàbí tó ń rì sísàlẹ̀. Ẹjọ́ tí mo wá rò ni pé ojú kan ṣoṣo là ń wò nílẹ̀ wa. Ojú tó ń pariwo là ń so ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́. Ojú tó dákẹ́, èyí tí ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn lójú wa, a kì í tilẹ̀ rí i. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

KÍ NI ÀÌSÀN NÁÀ GAN-AN?

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ là á yé yín. Ẹ ká a sí pé ọmọkùnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Àkànbí. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣàì sí ní àdúgbò yín. Ó jẹ́ ẹni ọdún 23, ó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn mẹ́ta kan ń sọ̀rọ̀ òun láti inú fáànù. Ó ní ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ń dárúkọ òun. Èyí kò tíì lọ tí oorun fi dá lójú rẹ̀. Kò sùn, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun máa ra gbogbo ọjà Balógun, òun ni Ọlọ́run rán láti tún Nàìjíríà ṣe, kí wọ́n lọ sọ fún ààrẹ kó máa palẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, inú rẹ̀ já wálẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀pẹ bá wó. Ó dùbúlẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó ní òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ohùn ọ̀hún kò sì dákẹ́, wọ́n ń bá a gbè é pé lóòótọ́ ni, kò wúlò.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń ta ayò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín bá wà. Síbẹ̀, fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn inú fáànù ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní bipolar, tí ọkàn ènìyàn ń fò sókè, tí ó tún ń rì. Ẹni tó ní i lè gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkàn bá ga jù tàbí tí ó bá rì jù ni ohùn ń dé. Bí ọkàn bá ti balẹ̀, ohùn náà á kẹ́rù rẹ̀ lọ. Àìsàn mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní schizophrenia. Ohùn àti èrò òdì ló gba gbogbo ilé lọ́wọ́ tiẹ̀. Bí ìbànújẹ́ tàbí ìdùnnú àpọ̀jù bá yọjú, kì í pẹ́. Àìsàn olójú méjì kò jọ ti ìṣáájú, kò sì jọ ti ìkejì. Ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo àkókò tí àìsàn náà fi wà, síbẹ̀ ìgbà kan gbọ́dọ̀ wà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2, tí ọkàn balẹ̀ jẹ́ẹ́ tí ohùn tàbí èrò òdì náà ṣì dúró gbọin. Ìlànà tí àwọn dókítà fi ń dá a mọ̀ nìyẹn.

Àìsàn náà kì í ṣe tòní. Nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, dókítà kan ní Jámánì, Emil Kraepelin, pín wèrè sí ilé méjì: ilé àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, àti ilé àwọn tí ọkàn wọn ń lọ sókè-sódò. Ilé náà dára, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn kan dúró sí ìloro, wọn kò wọ èyí, wọn kò wọ tọ̀hún. Ní 1933, dókítà mìíràn ní Amẹ́ríkà, Jacob Kasanin, kọ̀wé nípa aláìsàn 9 irú bẹ́ẹ̀, ó sì fún àìsàn wọn ní orúkọ tí à ń pè é títí di òní. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá àìsàn tó dá dúró ni, tàbí ààlà tó wà láàárín méjì. Kí wọ́n máa jiyàn wọn lọ. Ẹni tó wà ní ìloro ni òjò ń pa.

Kì í ṣe àìsàn tó wọ́pọ̀ bí ibà. Ìṣirò tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò ni pé bí ènìyàn 3 nínú 1,000 ló lè ní i láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìdá kan náà wo ìlú tí ènìyàn 100,000 ń gbé: ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn nìyẹn. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ jù, nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ di ènìyàn gidi.

Kí ló ń fà á? Ó lè rìn nínú ìdílé, àwọn baba wa sì mọ èyí tipẹ́, àwọn ló ń sọ̀rọ̀ wèrè ìran. Àwọn èròjà tó ń gbé iṣẹ́ kiri nínú ọpọlọ lè má ṣe déédéé. Ìpọ́njú ayé lè ru ú sókè, igbó mímu náà sì lè tanná ràn án. Kò sí ohun kan ṣoṣo tí a lè nàka sí. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti nàka sí ìyàwó bàbá, tàbí sí ìyá àgbà tó dá jókòó ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fọwọ́ kó ọwọ́ yín, jàre. Ìgbà tí ẹ fi ń wá ẹni tó ṣe é, ìgbà náà ni àìsàn fi ń rí ọ̀nà wọlé sí i.

ILÉ ÀYẸ̀WÒ RẸ̀, ÌYẸ̀WÙ YÍN NI

Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà, kò sí fọ́tò orí tí a lè yà, tí yóò sọ pé: àìsàn olójú méjì nìyí. Bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn ló ń da orí rú ni, bí àìsàn gẹ̀gẹ̀, tàbí kòkòrò tó wọ ọpọlọ, tàbí oògùn olóró. Ìtàn ni a fi ń mọ àìsàn yìí. Kí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Ìgbà wo ni ọkàn rì? Ìgbà tí ọkàn balẹ̀, ṣé ohùn náà lọ?

Ta ló ní ìtàn náà lọ́wọ́? Dókítà kọ́ o. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni dókítà ní pẹ̀lú yín, èrò sì ń bẹ lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá a gbélé tọ̀sán-tòru ni ẹ ní i. Kí wá ni ẹ máa ń sọ bí ẹ bá débẹ̀? “Dókítà, ó ń dá sọ̀rọ̀. Dókítà, ó fọ́ dígí.” Ó parí. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé lọ́dún tó kọjá, ó dùbúlẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ṣáájú èyí, ó ya owó káàkiri àdúgbò, ó ní òun fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kà á sí ìwà burúkú, ojú sì ń tì yín láti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni dókítà yóò ṣe kọ oògùn ojú kan fún aláìsàn olójú méjì, ẹ ó sì padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé oògùn kò ṣiṣẹ́.

Ìwé kékeré kan àti bírò kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ iye wákàtí tó sùn. Ẹ kọ bí ó ṣe jẹun, bí ó ṣe náwó, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yá tàbí tí ó lọ́ra, bóyá ó gbọ́ ohùn lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì péré tí ẹ bá kọ báyìí, ó lè la dókítà lójú ju ọdún méjì àbọ̀dé-àbọ̀lọ.

Ẹ̀yin dókítà náà, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ẹ ń fún ènìyàn ní oògùn tí ó lè máa lò fún ọdún pípẹ́, ẹ kò sọ orúkọ àìsàn fún un. Mo ti jókòó ní gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn kan, mo bi ìyá kan léèrè ohun tí dókítà pè é. Ó ní, “Wọ́n kò sọ. Wọ́n ní kí á máa lo oògùn.” Ẹni tí kò mọ orúkọ ọ̀tá rẹ̀, báwo ni yóò ṣe bá a jà? Bí dókítà kò bá pè é lórúkọ, wòlíì tó wà ní òdìkejì títì yóò pè é lórúkọ fún wọn.

ṢẸ́KẸ́ṢẸKẸ̀ KÌ Í ṢE OÒGÙN

Ní November 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí Nàìjíríà. Ibi 28 ni wọ́n bẹ̀ wò, ní ìpínlẹ̀ 8 àti Àbújá. Wọ́n bá àwọn ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n irin, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọdé. Wọ́n bá wọn nílé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, wọ́n bá wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bá wọn ní ibùdó àwọn mùsùlùmí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n bá wọn ní ilé ìwòsàn ìjọba pẹ̀lú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àjọ kan náà sọ pé irú rẹ̀ wà ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 60. Àwa nìkan kọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi èyí tu ara wa nínú.

Mo fẹ́ bi ẹni tó ń so ènìyàn mọ́lẹ̀ ní ìbéèrè kan: kí ni ẹ̀wọ̀n náà ń wò sàn? Ariwo ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń jẹ́ kí aládùúgbò sùn. Ohùn tó ń sọ̀rọ̀ nínú orí kò ní ẹsẹ̀ tí a lè fi irin dè.

Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣe fún ojú kejì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rì, tí kò fẹ́ jẹun mọ́, ẹ ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ẹni tí ohùn kan ń sọ fún tọ̀sán-tòru pé kò wúlò, ẹ na pàṣán bò ó lẹ́yìn. Ẹ rò pé ẹ̀mí àìmọ́ ni ẹ ń lé. Rárá o. Ẹ ń bá ohùn náà jẹ́rìí ni. Ohùn ní kò wúlò, pàṣán ní bẹ́ẹ̀ ni, kò wúlò.

Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ó dákẹ́. Kò pariwo mọ́, kò bú ẹnikẹ́ni mọ́, ó jókòó síbi tí wọ́n so ó mọ́, ó ń wo ilẹ̀. Olùtọ́jú á ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí: ẹ wá wò ó, ó ti ń gbádùn! Ẹbí á ṣọpẹ́. Ó gbádùn kẹ̀? Ọ̀gbun ló bọ́ sí. Ojú kan ti dákẹ́, ojú kejì sì ti gba ilé. Irú àkókò yìí gan-an ló yẹ kí àyà wa já jù, nítorí ìwé àwọn dókítà ọpọlọ sọ ọ́ pé nínú àwọn tó ní àìsàn yìí àti ìkejì rẹ̀, schizophrenia, bí ènìyàn 5 nínú 100 ló ń fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sin ín ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ará àdúgbò á ní, “Ṣebí ara rẹ̀ ti yá!”

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé ẹnu lásán ni mò ń dá, pé bí ó bá gbé ọmọ odó sí mi n ó sá. Òótọ́ ni, n ó sá. Ìgbà mìíràn ń bẹ tí ènìyàn mẹ́rin gbọ́dọ̀ di aláìsàn mú kí ọkọ̀ tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n dídi ènìyàn mú fún wákàtí kan kí a lè gbé e dé ibi oògùn, àti síso ó mọ́ igi fún oṣù mẹ́fà dípò oògùn, ṣé ọ̀kan náà ni? Ẹni tó bá ní ọ̀kan náà ni, ọgbọ́n ló ń fi pamọ́.

Wọ́n tún ní òwe kan tí mo kórìíra: wọ́n ní wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kí ló wà nínú ọjà tí kò sí ní oríta? Kì í ṣe ọjà ló ń bà á jẹ́. Àwa ni a kì í wá a mọ́ bí ojú gbogbo ayé bá ti rí i. Ìtìjú wa ló ń sọ ọ́ di aláìṣeéwò. Ṣebí àwa náà la ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́?

ṢEBÍ ÀWỌN BABA WA Ń WO WÈRÈ SÀN?

Ìbéèrè yìí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń wò ó. Wọ́n mọ igi asofẹ́yẹjẹ, tí wọ́n ń fi gbòǹgbò rẹ̀ mú kí aláìsàn sùn kí ara rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ fa èròjà kan tí ń jẹ́ reserpine jáde láti ara ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà, wọ́n sì lò ó fún wèrè káàkiri ayé ní àwọn ọdún náà. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òpè ni àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n reserpine yìí kan náà ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, àwọn dókítà ìgbà náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn àwọn kan rì nígbà tí wọ́n ń lò ó. Ojú kan ló ń wò. Kò sí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn gbòǹgbò nínú ìgò, bẹ́ẹ̀ ni ojú kejì ń bẹ níbẹ̀ tó ń dúró de àkókò tirẹ̀.

Ohun tí àwọn baba wa ní jù, kì í ṣe irin, kì í ṣe gbòǹgbò. Ènìyàn ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń darí ilé ìwòsàn Aro ní àwọn ọdún 1950, kò kó àwọn aláìsàn rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn ògiri. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí Aro ká, ìbátan kan yóò bá aláìsàn wá, yóò máa se oúnjẹ fún un. Láàárọ̀, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Nírọ̀lẹ́, á padà sáàárín ènìyàn. Oògùn òyìnbó àti ẹbí Yorùbá ló fi pọ̀. Gbogbo ayé wá wò ó. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ṣe ìwádìí lórí schizophrenia ní orílẹ̀-èdè 9, bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960, Ìbàdàn wà nínú wọn. Lẹ́yìn ọdún 2, àwọn aláìsàn Ìbàdàn sàn ju àwọn ti ọ̀pọ̀ ìlú òyìnbó lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí onímọ̀ kan tó sọ pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni.

BÍ A ṢE Ń WÒ Ó

Àìsàn olójú méjì, oògùn olójú méjì. Fún ohùn àti èrò òdì, oògùn bíi haloperidol, chlorpromazine, risperidone àti olanzapine wà. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí paliperidone, ìyẹn sì ni oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún àìsàn yìí gan-an. Abẹ́rẹ́ wà fún ẹni tí oògùn ẹnu ń sú, èyí tí a ń gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí ọ̀sẹ̀ 4. Fluphenazine jẹ́ ọ̀kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ wa.

Fún ọkàn tó ń lọ sókè-sódò, lithium wà. John Cade, dókítà kan ní Australia, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1949. Oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ọ̀wọ̀: a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí bí ó bá pọ̀ jù lára, májèlé ni. Bí omi bá gbẹ lára ẹni tó ń lò ó, nípa ìgbẹ́ gbuuru tàbí ààwẹ̀ aláìmu-omi, ewu ńlá ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń pàṣẹ ààwẹ̀ fún aláìsàn, ṣé ẹ kọ́kọ́ ń bèèrè oògùn tó wà lára rẹ̀? Carbamazepine àti sodium valproate náà wà, ṣùgbọ́n valproate kò yẹ fún obìnrin tó lè lóyún, nítorí ó ń ba ọmọ inú jẹ́. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá wá pọ̀ jù, dókítà lè fi oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kún un, pẹ̀lú ìṣọ́ra.

“Oògùn òyìnbó ń sọ ènìyàn di ère,” ni wọ́n máa ń wí. Mo gbọ́. Ọrùn lè gan, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, itọ́ lè máa dà, ẹlòmíràn kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn oògùn tuntun kan sì ń mú ènìyàn sanra, ṣúgà lè wọ ẹ̀jẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n oògùn wà fún ọrùn gígan, benzhexol ni. Dókítà lè dín ìwọ̀n kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí bàtà bá ń há ni lẹ́sẹ̀, a kì í torí rẹ̀ gé ẹsẹ̀.

Èyí tó ń pa wá jù ni “ó ti sàn.” Aláìsàn rẹ́rìn-ín fún oṣù mẹ́ta, ẹbí ní ó tó, ẹ má lo oògùn mọ́. Ní 2012, àwọn dókítà ní Jámánì kó ìwádìí 65 jọ lórí àwọn tó ní schizophrenia. Láàárín ọdún kan, nínú 100 tó ń bá oògùn lọ, àìsàn padà sára 27. Nínú 100 tí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ wọn, ó padà sára 64. Ẹ wo ìyàtọ̀! Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sọ oògùn nù torí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí. Oògùn ló mú un balẹ̀.

Oògùn nìkan kò sì tó. Ẹnu wa náà ń ṣe nǹkan. Ìwádìí kan tó jáde ní London ní 1972 tẹ̀ lé àwọn aláìsàn tó padà sílé. Níbi tí ẹbí ti ń bú wọn tàbí tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ wọn jù, àìsàn padà sára 58 nínú 100. Níbi tí ẹnu ti tutù, 16 péré. Ọ̀rọ̀ burúkú ń ta abẹ́rẹ́, òun nìkan ni abẹ́rẹ́ tí a kì í san owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó máa sùn lákòókò, ẹ má jẹ́ kí ó sún mọ́ igbó àti ògógóró, ẹ wá iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká fún un, kí ó sì rí ẹni tó mọ̀ nípa ìmọ̀ràn tó lè bá sọ̀rọ̀.

OWÓ DÀ, ÌJỌBA DÀ?

Òfin tí òyìnbó fi lélẹ̀ lórí wèrè ní 1916 ni à ń lò fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní January 2023 ni ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó ka aláìsàn sí ènìyàn tó ní ẹ̀tọ́. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé kì í tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kí oògùn tí kò wọ́n, bíi haloperidol àti fluphenazine, dé ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé ní gbogbo wọ́ọ̀dù, kí ìyá arúgbó má baà máa wọ ọkọ̀ láti ìgbèríko dé Abẹ́òkúta tàbí Yábàá nítorí abẹ́rẹ́ kan. Kí wọ́n máa bẹ ilé tí wọ́n ń so ènìyàn mọ́lẹ̀ wò. Bí wọ́n bá sì tú ènìyàn sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n ní ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, kì í ṣe kí wọ́n já a sí títì fún àwọn oníròyìn láti ya fọ́tò.

Ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin ààfáà, ẹ̀yin oníṣègùn, n kò ní kí ẹ má gbàdúrà. Àdúrà kò bá oògùn jà rí. Ẹni tó ń ní kí wọ́n da oògùn nù kí àdúrà tó gbà, òun ló ń dá ìjà náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹbí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bá. Bí ariwo ọmọ yín bá ti rọlẹ̀, ẹ má sáré ṣọpẹ́. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í léèrè: báwo ni ọkàn rẹ? Ṣé ayé sú ọ? Ṣé ó ń ṣe ọ́ bí ẹni pé kí o má sí mọ́? Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bíbéèrè yóò fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ pé bíbéèrè kì í fi èrò síni lọ́kàn. Ó máa ń sọ ẹrù náà kalẹ̀. Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ ti wo ojú tó ń pariwo fún ìgbà pípẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ bá wa wo ojú tó dákẹ́.